Bọ́ọ̀lù tó dé òkè téńté: ṣé òòfà ilẹ̀ ti fi í sílẹ̀ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọmọ mi wà ní SS2. Olùkọ́ tó ń wá kọ́ ọ nílé nírọ̀lẹ́ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé tí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sókè bá dé ibi tó ga jù, velocity rẹ̀ di òdo, acceleration rẹ̀ náà sì di òdo. Báwo ló ṣe lè há a sórí tí kò fi ní gbàgbé lọ́jọ́ ìdánwò?

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kó há a sórí o, Mà. Velocity di òdo lóòótọ́. Acceleration kò di òdo rárá. Irọ́ yìí ti ń dé etí mi jù, ó sì ń dùn mí, torí owó làwọn òbí ń san kí wọ́n tó fi kọ́ ọmọ wọn.

Velocity ni bí nǹkan ṣe ń yára tó, pẹ̀lú ibi tó kọjú sí. Acceleration ni bí velocity yẹn ṣe ń yí padà.

Ẹ ní kó mú bírò. Ká ní ó ju bọ́ọ̀lù sókè gangan, tó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú eré mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká fi òòfà ilẹ̀ sí 10, ìyẹn ni pé ó ń yọ 10 kúrò nínú velocity ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan, velocity ku 10. Lẹ́yìn méjì, ó di òdo: bọ́ọ̀lù ti dé òkè pátápátá, mítà 20 sí ọwọ́ ọmọ. Lẹ́yìn mẹ́ta, ó di −10, ìyẹn ni pé ó ti kọjú sísàlẹ̀. Lẹ́yìn mẹ́rin, bó ṣe fẹ́ kan ọwọ́ padà, −20. Láti 10 dé òdo, mẹ́wàá ló lọ. Láti òdo dé −10, mẹ́wàá náà ló lọ. Níbo ni acceleration ti wá sinmi? Tó bá sinmi lókè lóòótọ́, kò sí ohun tó máa dá bọ́ọ̀lù padà. Á dúró sínú afẹ́fẹ́ níbẹ̀ ni.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni pé wọ́n rò pé agbára ọwọ́ ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù lọ, tó wá tán lókè. Agbára ọwọ́ ti tán látìgbà tí bọ́ọ̀lù ti kúrò ní àtẹ́lẹwọ́. Òòfà ilẹ̀ ló ń fà á nígbà tó ń gòkè, òun náà ló ń fà á nígbà tó dé òkè, òun náà ló ń fà á bọ̀.

Mi ò ka afẹ́fẹ́ mọ́ ọn o. Tó bá jẹ́ ọ̀rá tàbí ìyẹ́ adìẹ ló jù, ìṣirò yìí kò ní bá a mu. Lórí òṣùpá, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, David Scott, ará Amẹ́ríkà tó bá ọkọ̀ Apollo 15 lọ lọ́dún 1971, jọ̀wọ́ òòlù àti ìyẹ́ ẹyẹ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì jọ balẹ̀. Tí ìbéèrè ìdánwò bá ní kí wọ́n lo 9.8 fún òòfà ilẹ̀ dípò 10, 9.8 ni kó lò. Ohun tó wà nínú ìwé ìbéèrè ni kó tẹ̀ lé, kì í ṣe tèmi.

Kó ya velocity àti àkókò sórí bébà gíráàfù. Ìlà gbọọrọ kan tó ń dà sísàlẹ̀ ló máa rí, tó gba orí òdo kọjá láì yẹsẹ̀. Kó mú un lọ bá olùkọ́ rẹ̀, kó fi ọ̀wọ̀ bi í pé ibo ni ìlà náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ, torí ibi tó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ nìkan ni acceleration ti lè di òdo.