Ohun tó ń mú kúkì Kérésìmesì le lọ́jọ́ kejì

Àbúrò mi tí o kọ̀wé láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, o ní kúkì alátalẹ̀ tí o ń yan fún Kérésìmesì máa ń rọ̀ nígbà tó bá ṣì gbóná, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti le bí òkúta. O wá ń béèrè bóyá bọ́tà ni kí o fi kún un tàbí ṣúgà, àti bóyá o lè po ó sílẹ̀ ṣáájú ọdún kí iṣẹ́ má baà pọ̀ jù fún ọ lọ́jọ́ tí àwọn àna rẹ bá dé. Má tíì fi nǹkan kan kún un. Inú ófúnnù ni kúkì rẹ ti ń le, kì í ṣe inú abọ́ tí o ti ń po ó. O ń fi í sílẹ̀ nínú iná títí tí ó fi jọ ohun tó ti jinná lójú rẹ, ìgbà yẹn sì ti pẹ́ jù.

Ìyà ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí gidigidi. Nígbà tí ìjọ wa gbé kúkì ọdún àwọn ọmọdé lé mi lọ́wọ́, mo lọ sanwó fún olùkọ́ kan ní Adó-Èkìtì tí ó pe ara rẹ̀ ní ògbóǹtarìgì nínú kéèkì yíyan. Ohun tí ó tẹ̀ mọ́ mi létí ni pé kúkì tí kò bá pọ́n láti etí dé àárín, tí kò sì dúró gan-in nígbà tí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ nínú ófúnnù, kò tíì jinná, àti pé inú yóò run ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ó dúró tì mí bí mo ṣe ń yan èyí tí mo fi dánra wò, ó sì ń ní kí n tún dá a padà sínú iná. Bí mo ṣe yan gbogbo kúkì ọdún náà nìyẹn. Ní ọjọ́ ayẹyẹ, àwọn ọmọ tí eyín wọn ń mì kò lè gé e jẹ, àwọn kan ń lá ṣúgà orí rẹ̀ nìkan, àwọn ìyá wọn sì ń kó o sínú ọ̀rá láti lọ rẹ ẹ́ sínú tíì nílé. Owó bọ́tà, owó ẹyin, owó gáàsì, gbogbo rẹ̀ ló wọlẹ̀. Nígbà tí mo padà tọ olùkọ́ náà lọ, ó ní ọwọ́ mi ló wúwo, kí n wá sanwó ìpele kejì. Títí di òní, inú máa ń bí mi bí mo bá rí ẹni tí ń gbowó láti kọ́ ènìyàn ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò yẹ̀ wò rí.

Ohun tí ó yẹ kí ó sọ fún mi nìyí. Nígbà tí kúkì bá wà nínú iná, bọ́tà inú rẹ̀ ti yọ́, ṣúgà inú rẹ̀ náà sì ti di omi, nítorí náà kò sí bí kúkì tí yóò rọ̀ lọ́la ṣe lè dúró gan-in nínú ófúnnù lónìí. Bí ó bá ti dúró gan-in níbẹ̀, omi inú rẹ̀ ti gbẹ, bí ó bá sì tutù, ṣúgà yóò dì padà, yóò sì le. Ẹ̀wẹ̀, tíréè tí o gbé jáde ṣì gbóná, ó ń bá iṣẹ́ yíyan lọ lábẹ́ kúkì fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Gbé e jáde nígbà tí etí rẹ̀ bá ti dúró, tí òkè rẹ̀ ti ń sán wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n tí àárín rẹ̀ ṣì wú, tí ó sì dà bíi pé kò tíì jinná. Kúkì tí a ká roboto, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 40 gíráàmù, kì í ju ìṣẹ́jú 9 sí 11 lọ nínú ooru 175°C, nítorí náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wò ó láti ìṣẹ́jú kẹjọ. Fi í sílẹ̀ lórí tíréè fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí o tó ṣí i nídìí, nítorí bí o bá ṣí i lójú ẹsẹ̀, yóò fọ́. Ní ti ẹyin tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá, ewu rẹ̀ ti kúrò bí ooru inú rẹ̀ bá ti tó 71°C, àárín kúkì tí etí rẹ̀ ti dúró sì ti kọjá ibẹ̀. Àpòpọ̀ tí a kò tíì yan ni kí o má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ máa lá, nítorí ẹyin tútù àti fúláwà tútù méjèèjì lè gbé kòkòrò àìsàn.

Ìṣẹ́jú tí mo kọ yìí kò wúlò bí nọ́ńbà ara ófúnnù rẹ bá ń parọ́. Ẹni tó ta ófúnnù onígáàsì tèmi fún mi búra pé nọ́ńbà rẹ̀ péye. Nígbà tí mo ra ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ooru, tí mo fi í kọ́ sáàárín, nọ́ńbà wà lórí 180, ooru inú rẹ̀ sì ti ré kọjá 210. Ra ẹ̀rọ yẹn kí o tó ra ohunkóhun mìíràn. Jẹ́ kí ófúnnù gbóná fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí o tó gbé kúkì wọ inú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ófúnnù onígáàsì tí a ń lò, ìsàlẹ̀ nìkan ni iná wọn ti ń wá, ìdí kúkì á sì ti jóná kí òkè rẹ̀ tó yí padà. Nítorí náà to tíréè méjì léra, kí o sì gbé e sí àárín. Àwọn tí ń ṣe fídíò láti òkè òkun a máa lo ófúnnù tí fáànù ń fẹ́ ooru kiri inú rẹ̀, èyí tí a ń dín ooru rẹ̀ kù ní nǹkan bí 20°C, wọn kì í sì í sọ fún wa. Bí ó bá jẹ́ inú ìkòkò oníyanrìn lórí èédú ni o ti ń yan, kó ẹyin iná díẹ̀ sórí ọmọrí, kí o sì dín tìsàlẹ̀ kù.

Ní ti bọ́tà àti ṣúgà tí o béèrè, bọ́tà àpọ̀jù yóò jẹ́ kí kúkì tẹ́ pẹrẹsẹ, ohun tó bá sì fẹ́lẹ́ yóò gbẹ kíákíá. Ṣúgà funfun àpọ̀jù ń mú kí ó máa ró lẹ́nu. Ṣúgà pupa àti oyin ni ó ń dáàbò bo rírọ̀ rẹ̀, nítorí wọ́n máa ń fa omi mọ́ra, wọn kì í sì í tètè jẹ́ kí ó lọ. Ní ìlú Nuremberg ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe kúkì atasánsán tí wọ́n ń pè ní Lebkuchen fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, èyí tí wọ́n kà sí ọ̀gá nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní fúláwà ju ìdá 10 nínú 100 lọ, álímọ́ńdì àti irú èso bẹ́ẹ̀ sì gbọdọ̀ tó ìdá 25 ó kéré tán. Kì í ṣe bọ́tà ni wọ́n fi ń mú un rọ̀. Ìwọ̀n tí èmi ń lò ni fúláwà 280 gíráàmù, bọ́tà 170, ṣúgà pupa 200, oyin 80, ẹyin kan, bekin sódà síbí ìmutíì kan, iyọ̀ díẹ̀, atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀ síbí ìmutíì méjì, sínámónì síbí ìmutíì kan, àti kànáfùrù ìdajì síbí ìmutíì. Bí a ṣe ń po ó, o ti mọ̀ ọ́n. Kí o ṣáà má ṣe pò ó mọ́ bí fúláwà bá ti wọlé tán, nítorí fúláwà tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa lágbára bíi ti oníbúrẹ́dì, bí a bá pò ó jù, kúkì yóò yi.

Má ra atalẹ̀ tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí àrùn ba oko atalẹ̀ jẹ́ ní gúúsù Kàdúná ní 2023, ó wọ́n, èyí tí mo sì rà nínú ike lẹ́yìn náà kò ta rárá. Ra èyí tó gbẹ ní Ọjà Ọba ní Adó, tún sá a sóòrùn, kí o lọ̀ ọ́ fúnra rẹ. Èyí tó gbẹ a máa ta ju tútù lọ, kò sì ní da omi sínú àpòpọ̀. Kànáfùrù kò gbọdọ̀ ju ìdajì síbí yẹn lọ, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn eyín fi ń pa ìrora eyín, yóò sì mú ahọ́n kú. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o fi kánhún rọ́pò bekin sódà, má gbọ́ tirẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ bí agbára kánhún ọjà ṣe tó, yanrìn wà nínú rẹ̀, kúkì yóò sì máa run bí ọṣẹ.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pípò sílẹ̀ tí o béèrè. O lè po ó sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, bí o bá bò ó dáadáa nínú fíríìjì, àwọn èròjà atasánsán yóò tilẹ̀ tún wọ inú rẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n má ṣe fi ọkàn tán àwọn tí ń pín iná. Wọ́n ṣèlérí fún àdúgbò wa pé iná kò ní lọ nígbà ọdún, wọ́n sì mú un lọ nígbà tí fíríìjì mi kún fún àpòpọ̀ ẹlẹ́yin. Fíríìjì tí a kò ṣí kò lè pa otútù rẹ̀ mọ́ ju nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lọ, lẹ́yìn èyí dídànù ló kù. Fírísà tó kún, tí a kò sì ṣí, lè gbà tó wákàtí 48, nítorí náà ká a roboto, kí o dì í gan-in nínú fírísà, kí o sì yan án bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ kí ó yọ́, pẹ̀lú àfikún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì.

Èyí tí o bá ti yan, má gbé e sínú fíríìjì, nítorí yóò tètè gan. Ọyẹ́ oṣù Kejìlá náà kì í ṣojúure sí i, ó lè gbẹ ẹ́ láàárín òru bí o bá fi í sílẹ̀ gbalasa. Jẹ́ kí ó tutù tán, kó o sínú agolo tí ọmọrí rẹ̀ le, kí o sì fi ègé búrẹ́dì kan tì í. Búrẹ́dì yóò gbẹ, kúkì yóò sì gba omi rẹ̀. Ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú ọdún, yan méjì péré, bò wọ́n mọ́jú, kí o sì tẹ̀ wọ́n wò láàárọ̀. Bí wọ́n bá le, dín ìṣẹ́jú kan kù. Bí àárín wọn bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, fi ìṣẹ́jú kan kún un, kí o tó yan ìyókù.