Ìdí tí ìdin fi ń kú nínú ólífì tútù

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí. Ẹ béèrè ìdí tí ìdin àwọn eṣinṣin ólífì tí ẹ fi ṣe ìwádìí fi ń kú nínú ólífì tútù, àmọ́ tí wọn kì í kú nínú èyí tó ti pọ́n. Oògùn apabakitéríà (antibiotic) tí ẹ fún àwọn ìyá eṣinṣin yẹn ló fà á tí ìdin wọn fi ń kú nínú ólífì tútù, tí àwọn tó wà nínú èyí tó ti pọ́n dúdú sì ń yè. Oògùn náà ti pa Erwinia dacicola, bakitéríà tó ń bá wọn gbé nínú ìfun.

Ólífì tútù kún fún oleuropein, ohun kíkorò kan tí kì í jẹ́ kí ìdin rí èròjà purotéènì inú èso lò. Erwinia dacicola ló ń bá ìdin borí oleuropein yìí. Bí èso bá ṣe ń pọ́n, bẹ́ẹ̀ ni oleuropein ń dín kù.

Ohun tó wú mi lórí jù ni bí ìyá ṣe ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́: bí ẹyin bá ti ń jáde, bakitéríà á lẹ̀ mọ́ ọn lára, ìdin á sì gbé e mì tó bá ti pa.

Eṣinṣin ólífì, Bactrocera oleae, lọ̀rọ̀ yìí bá wí o. Ẹ má gbé e lé Ceratitis capitata, eṣinṣin èso mìíràn tó ń jẹ oríṣi èso tó ju 200 lọ.

Ṣé inú oko lẹ ti mú tiyín? Èyí tí wọ́n ti fi oúnjẹ àtọwọ́dá sìn láti ìran dé ìran lè ti pàdánù bakitéríà náà kí oògùn tó débẹ̀.