Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ètò Lisp tó gbọ́ràn nínú REPL, tó ya ọlọ́tẹ̀ ní terminal

ÌBÉÈRÈ: Mo kọ ètò kan ní Common Lisp tó ń ka àpèjúwe dátà, tó sì ń tú fáìlì .h (header) ti C jáde. Nínú REPL (ibi tí èèyàn ti ń tẹ Lisp, tó ń dáhùn lójú ẹsẹ̀), kò sí ìjà kò sí ìta. Mo wá fi save-lisp-and-die ti SBCL (ètò tó ń mú Lisp mi ṣiṣẹ́) sọ ọ́ di fáìlì tó dá dúró kí àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lè máa pè é. Mo tẹ --help, ìrànlọ́wọ́ SBCL ló jáde. Mo fún un ní fáìlì, ó ní òun ò mọ u32 (orúkọ irú nọ́ńbà kan nínú àpèjúwe mi), tó sì mọ̀ ọ́n dáadáa nínú REPL. Ẹnì kan ní Lisp ò wà fún irú iṣẹ́ yìí, kí n fi Python kọ iwájú rẹ̀, kó máa pe sbcl --load. Ẹlòmíràn ní kí n pààrọ̀ library tó ń ka àṣẹ. Èwo ni kí n mú: clingon, adopt tàbí unix-opts?

ÌDÁHÙN: Èyíkéyìí tó bá wù yín. Tí ètò yín bá ní ju àṣẹ kan lọ, bíi gen check àti gen write (ká pe ètò yín ní gen), clingon á rọ̀ yín lọ́rùn. Tó bá jẹ́ orúkọ fáìlì méjì àti --help nìkan ni, ogún ìlà tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ti tó. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó máa wo àìsàn yìí, torí --help yẹn kò dé ọwọ́ library kankan rárá.

SBCL ní apá kan tí wọ́n fi C kọ. Òun ló kọ́kọ́ ń jí, kó tó gbé Lisp dìde, òun ló sì mọ --help, --version àti --dynamic-space-size. Ó rí --help, ó dáhùn, ó jáde. Main, iṣẹ́ tí ètò yín fi ń bẹ̀rẹ̀, ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ fi :save-runtime-options t kún save-lisp-and-die, ọ̀rọ̀ tán. Tó bá jẹ́ program-op ti ASDF (irinṣẹ́ tó ń kó ètò Lisp jọ) lẹ fi kọ́ ọ, ó ti ń ṣe é fún yín. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ó tún ń ti ìwọ̀n mẹ́mọ́rì ọjọ́ ìkọ́lé mọ́ inú fáìlì náà. Bí ẹ bá fi --dynamic-space-size 512 gbé SBCL dìde lọ́jọ́ náà, 512 MB ni gbogbo ẹni tó bá lò ó máa rí.

Ti Python, n ò ní fi falẹ̀. Ètò yẹn á máa tún gbogbo kóòdù gbé wọlé ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè é, ẹ ó sì máa lẹ orúkọ fáìlì mọ́ inú --eval, àṣẹ tó ń mú sbcl ṣe kóòdù tí ẹ bá kọ sí i. Lọ́jọ́ tí àmì " bá wà nínú orúkọ fáìlì kan, ó di kóòdù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Ohun tí ẹ ṣì lóye, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń ṣì lóye, ni pé ẹ rò pé fáìlì yẹn ń bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ lọ́tun nígbà tí wọ́n bá pè é. Rárá o. Fọ́tò mẹ́mọ́rì ni save-lisp-and-die ń yà. Ohun tí ẹ ti ṣírò kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, bó ṣe rí nínú fọ́tò ló máa rí lọ́dọ̀ oníkálukú. Bí ẹ bá ní defvar (àpò tí a ń fi ìye pamọ́ sí) kan tó pe user-homedir-pathname, tó ń wá fólídà ilé ẹni, ilé yín ni gbogbo wọn á máa wá lọ. Bí ẹ bá kó command-line-arguments sínú defvar, àṣẹ ọjọ́ ìkọ́lé ló wà níbẹ̀. Fáìlì àwòṣe (template) tí ẹ ń fi asdf:system-relative-pathname wá nígbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́ náà, fólídà kọ̀ǹpútà yín ló máa wá, kò sì sí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ lè fi fọ́tò náà ṣoore fún ara yín: ẹ fi uiop:read-file-string ka àwòṣe sínú defparameter, kó bá wọn wọnú fọ́tò bí ọ̀rọ̀ lásán. Ìyókù, inú main ni kí ẹ ti ṣírò wọn.

Ẹ wá wo u32. Nínú REPL ẹ ti tẹ in-package, tó ń yan package, ìyẹn ilé tí orúkọ tuntun máa wọ̀. Nítorí náà tí read, òǹkàwé Lisp, bá rí u32, gen::u32 ló ń dá, case yín sì dá a mọ̀. Nínú fáìlì tó dá dúró, *package* sábà máa ń jẹ́ CL-USER, read á wá dá cl-user::u32. Táíwò ilé yín kọ́ ni Táíwò ilé kejì, bí orúkọ wọn tilẹ̀ bára mu. Ibi tí ó ti ń sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Bí mo ṣe máa kọ main nìyí:

(defun main ()
  (handler-case
      (with-standard-io-syntax
        (let ((*package* (find-package :gen))
              (*print-readably* nil)
              (*read-eval* nil))
          (run (uiop:command-line-arguments))
          (finish-output)))
    (sb-sys:interactive-interrupt ()
      (uiop:quit 130))
    (error (e)
      (format *error-output* "gen: ~a~%" e)
      (uiop:quit 1)))
  (uiop:quit 0))

with-standard-io-syntax ń nu gbogbo ètò kíkà àti títẹ̀ tí .sbclrc yín (fáìlì tí SBCL ń kà nígbà tó bá ń jí) ti yí padà, bíi *print-case* àti *print-length*. Ṣùgbọ́n CL-USER ló ń fi sí *package*, ó sì ń tan *read-eval*. Ìdí nìyẹn tí let fi wà nínú rẹ̀, kì í ṣe níta. Tí *read-eval* bá wà ní títàn, ẹni tó bá kọ #. (àmì tó ń mú read ṣe kóòdù bó ṣe ń kà) sínú fáìlì àpèjúwe lè mú ètò yín ṣe ohun tó wù ú, kí ẹ tó ka nǹkan kan tán. Pípa á kò sì sọ read di odi ààbò o. Bó bá jẹ́ ọwọ́ àjèjì ni fáìlì náà ti ń wá, ẹ fọwọ́ ara yín kọ ohun tí yóò kà á. Èmi ò ní fọwọ́ sí i pé kí ẹ lo read fún un. Orúkọ C ńkọ́? string-downcase lórí symbol-name, kí ẹ sì sọ - di _. Ẹ má gbára lé *print-case*.

Ìkíni, ìkìlọ̀ àti àròyé, *error-output* (ọ̀nà àṣìṣe, tó yàtọ̀ sí ti àbájáde) ni kí gbogbo wọn gbà. Ẹni tó bá tẹ gen spec.lisp > types.h kò fẹ́ «ẹ káàbọ̀» nínú header. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ sínú okùn ọ̀rọ̀ kan ná, kí ẹ tó ṣí fáìlì. Tí àbájáde bá bá ti àtijọ́ mu, ẹ má fọwọ́ kàn án, torí aago fáìlì ni make (ètò tó ń tún iṣẹ́ kọ́ tí fáìlì bá yí padà) ń wò, ó sì lè tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe lórí òfo.

Ẹ má kọ́ ọ láti inú SLIME, ojú iṣẹ́ Lisp inú Emacs. SBCL á ní òun ò lè fi pamọ́ níwọ̀n ìgbà tí thread (okùn iṣẹ́) tó ń ṣiṣẹ́ bá ju ẹyọ kan lọ. Terminal lásán ni, build.lisp sì ni ibi tí ẹ kọ save-lisp-and-die sí:

sbcl --non-interactive --no-userinit --load build.lisp

Tí Quicklisp yín (tó ń wá library Lisp wálé) bá wà nínú .sbclrc, --no-userinit á fò ó, nítorí náà ẹ gbé setup.lisp rẹ̀ wọlé nínú build.lisp. Fáìlì tó jáde á tó bíi 30 sí 40 MB. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Kí ẹ tó pín in fún ẹnikẹ́ni, ẹ dà á kọ sí /tmp, ẹ yí orúkọ fólídà iṣẹ́ yín padà fúngbà díẹ̀, kí ẹ wá tẹ env -i /tmp/gen pẹ̀lú fáìlì àpèjúwe kan tó péye àti ọ̀kan tó bàjẹ́. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ echo $? kí ẹ rí nọ́ńbà tí ètò fi jáde. 0 fún èkíní, 1 fún èkejì. Tó bá ní òun ò rí fáìlì àwòṣe, defvar kan tàbí asdf:system-relative-pathname kan ṣì wà níbì kan tó ń rántí ilé yín.