Ọ̀gá tó ní ká máa yọjú lórí fídíò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́: ohun tí ojú èmi rí

Ẹ béèrè pé kí lẹ máa ṣe sí ọ̀gá yín tuntun, tó ní kí gbogbo yín máa yọjú lórí fídíò láago mẹ́sàn-án àárọ̀, kẹ́ ẹ tún yọjú láago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, láti fẹnu ara yín sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe. Ẹ ní ó ń ṣe yín bíi pé ojú olè ni wọ́n fi ń wò yín, pé ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ láti ilé tẹ́nikẹ́ni ò ṣọ́ yín, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kẹ́ ẹ kọ̀ jálẹ̀ ni àbí kẹ́ ẹ wáṣẹ́ síbòmíràn.

Ẹ má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ná. Mo ti jókòó síbi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí rí, mo sì ti jókòó síbi tí ọ̀gá yín jókòó sí. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ níbi méjèèjì, àmọ́ ti àkọ́kọ́ ló ṣì ń dùn mí, torí ọwọ́ ara mi ni mo fi fa ìpàdé ìrọ̀lẹ́ wá bá àwa mẹ́fà.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe. Lọ́dún 2020 tí àrùn Kòrónà lé gbogbo wa kúrò ní ọ́fíìsì, ọ̀gá wa ní ká máa ṣe ìpàdé lórí fídíò láràárọ̀. Kálukú á sọ ohun tó ṣe lánàá, á sọ èyí tó fẹ́ ṣe lónìí. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ dáa, àárò ara wa ń sọ wá. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ó ti di eré. Ẹnì kan wà láàárín wa tó máa ń pín iṣẹ́ ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó lè rí nǹkan sọ láàárọ̀ mẹ́ta, tó máa ń fi íméèlì tó ti kọ tán pamọ́ láti ìrọ̀lẹ́, kó tó wá fi í ránṣẹ́ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, kí wọ́n lè rò pé ó ti tètè dìde síṣẹ́. Ẹ jẹ́ n má pa á mọ́, èmi ni.

Oṣù kan báyìí, wọ́n ní kí n fi ìwé owó tiwa wé ìwé tí báńkì fi ránṣẹ́, kí n rí i pé méjèèjì dọ́gba. Wọn ò dọ́gba. Ìlà kan á bára mu, méjì tó tẹ̀ lé e ò ní bára mu, ìkẹrin á tún bára mu. Bó bá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló dàrú ni, ǹ bá tètè fura. Mo rò pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ń tẹ nọ́ńbà ṣì, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ní, “Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.” Lọ́jọ́ kejì, “Mo ń bá a lọ.” Láti ọjọ́ kẹta, “Ó kù díẹ̀.” Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni mo fi ń sọ “ó kù díẹ̀” nípa ohun tí mi ò mọ orí, mi ò mọ ìdí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ara mi gan-an ni mo máa ń wò ní igun kọ̀ǹpútà bí mo bá ti ń sọ ọ́, mo ń ṣọ́ ọ bóyá ó ń tú mi fó.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọ̀gá ní, “Gbé e síta ká jọ wò ó.” Àyà mi já. Mo ṣí fáìlì méjèèjì, mo gbé wọn sójú gbogbo wọn. Kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tí obìnrin kan láàárín wa, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, fi ní, “Ẹ wo déètì yẹn dáadáa. Ṣé kì í ṣe oṣù ni báńkì ń kọ ṣáájú ọjọ́?”

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí àwa bá kọ 03/04, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni. Láti ọjọ́ kẹtàlá lọ sókè, sọ́fítíwíà wa mọ̀ pé kò sí oṣù kẹtàlá, ó sì ń kà á bó ṣe tọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìlà kan fi ń bára mu tó fi tàn mí jẹ. Obìnrin náà ní irú rẹ̀ ti ṣe òun rí lọ́dún tó ṣáájú, kò sì gba òun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ rò ó wò. Àárọ̀ mẹ́jọ ni mo fi jókòó pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n, tí ojú rẹ̀ wà níwájú mi, tí mo ń sọ fún un pé ó kù díẹ̀. Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ò tilẹ̀ dákẹ́, ariwo ni mò ń fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá ò pariwo mọ́ mi. Ìbá sàn kó pariwo. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló ní ká tún máa pàdé láago mẹ́rin àbọ̀, gbogbo wa pátá. Àwọn yòókù ń bú u lẹ́yìn, wọ́n ní ìwà ìkà ni, èmi náà ń bá wọn bú u. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó ti wá.

Mi ò ní ẹ̀yin lẹ fa tiyín o. Ó lè jẹ́ ẹlòmíràn nínú yín ló ń sọ “ó kù díẹ̀” tirẹ̀. Ó lè jẹ́ ibi tí ọ̀gá náà ti ń bọ̀ ni ẹnì kan ti já a kulẹ̀ tó fi di eléyìí. Tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀rù iṣẹ́ tuntun ló ń bà á, èyí tó mú mi dé apá kejì ọ̀rọ̀ mi.

Lọ́dún 2022 wọ́n fi mí ṣe olórí èèyàn márùn-ún, tí kò sí méjì tó ń gbé ìlú kan náà. Ẹ̀yin ẹ sọ ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe. Mo dá ìpàdé àárọ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀! Èmi tí mo mọ gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n ń dá níbẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé nígbà téèyàn bá ń jíhìn fún iṣẹ́ àwọn tí kò rí, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Mo máa ń jókòó ti Teams, ètò Microsoft tá a fi ń ṣe ìpàdé, mo ń wo àmì róbótó aláwọ̀ ewé tó wà lára orúkọ wọn. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá kọjá téèyàn ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, àmì náà á di aláwọ̀ ìyeyè, inú mi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹni tó ń ka ìwé tó tẹ̀ jáde lè wà lórí àga rẹ̀ láìdìde, kó jẹ́ pé òun ló máa dà bí ẹni tó sá lọ. Ẹni tó ń fọwọ́ mi mouse kiri nígbà tó ń wo bọ́ọ̀lù ló máa dà bí akíkanjú. Mo mọ èyí dáadáa nígbà tí mo wà nísàlẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ipò tí mo fi gbàgbé.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà ni Microsoft gbé ìwádìí kan jáde, tí wọ́n fi bi 20,000 èèyàn léèrè ní orílẹ̀-èdè 11. Ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ ló ní àwọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀gá ló sì ní látìgbà táwọn òṣìṣẹ́ ò ti sí ní ọ́fíìsì lójoojúmọ́ mọ́, ó ṣòro fún àwọn láti gbà dájú pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Kò yà mí lẹ́nu rárá. Láàárín ọdún méjì, mo ti wà nínú agbo méjèèjì.

Ẹni tó là mí lójú ni ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà. Wákàtí mẹ́fà ni aago tirẹ̀ fi ṣáájú tèmi. Bí mo bá pè wọ́n láago mẹ́sàn-án àárọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fara dà á fún oṣù kan ó lé, kó tó wá rọra sọ fún mi pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà tí ẹ bá ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe lónìí, mo ti ń palẹ̀ mọ́ nìyẹn.” Ojú tì mí. Mo fagi lé ìpàdé ojoojúmọ́, mo ní ká máa pàdé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí kálukú sì máa kọ ìlà mélòó kan sílẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìbéèrè tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpàdé náà yí padà. Mi ò bi wọ́n ní “kí lo ṣe lánàá” mọ́. “Kí ló ń dí ọ lọ́wọ́?” ni mo ń bi wọ́n, èmi ni mo sì máa ń kọ́kọ́ dáhùn, kí wọ́n lè rí i pé èèyàn kì í kú síbẹ̀.

Ó dáa, ẹ̀yin ńkọ́?

Ẹ má bá a fa ọ̀rọ̀ náà níwájú àwọn yòókù. Kò sí ọ̀gá tuntun tó máa gbà kí wọ́n fi òun wọ́lẹ̀ lójú èèyàn, yóò kàn lekoko sí i ni. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kẹ́ ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ọ̀gá, bẹ́ ẹ bá pè wá láàárọ̀, kí ni ẹ máa ń fẹ́ mọ̀ gan-an? Kí n lè máa pèsè rẹ̀ sílẹ̀ dè yín.” Ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Ó lè jẹ́ ọ̀gá tirẹ̀ ló ń bi í léèrè nọ́ńbà kan láago mẹ́wàá. Mo ti rí èyí rí. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni gbogbo wàhálà náà.

Lẹ́yìn náà, kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ẹ máa fi ìlà mẹ́ta ránṣẹ́ sí i. Tèmi máa ń rí báyìí: “Ìwé owó oṣù tó kọjá ti parí, ó wà nínú fóldà wa. Ti oṣù yìí ló wà lọ́wọ́ mi, ìdajì ti lọ. Oníbàárà kejì ò tíì fèsì láti ọjọ́ Ajé. Bí kò bá fèsì títí ọ̀sán, màá nílò yín láti bá mi pè wọ́n.” Ẹ wo ìlà kẹta yẹn. Òun ni iyọ̀ ibẹ̀. Ìlà méjì àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni lè fi purọ́, ọ̀gá náà sì mọ̀. Ẹni tó bá ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ti há, tó sọ ọ́ kí ó tó bàjẹ́, ni ọkàn ọ̀gá máa ń balẹ̀ lé lórí. Ní ọjọ́ tí kò bá sí ohun tó dí yín, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má wá ìṣòro dá sílẹ̀.

Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ní kó jẹ́ kí ìlà mẹ́ta rọ́pò ìpàdé ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ nìkan o, ẹ má tíì fọwọ́ kan ti àárọ̀. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń fẹ́ kí wọ́n fìwé ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ẹ rán an létí pé lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ àṣà ìpàdé ojoojúmọ́ yìí. Nínú Scrum, ìlànà iṣẹ́ wọn tí Ken Schwaber àti Jeff Sutherland kọ, ìṣẹ́jú 15 péré ni ìpàdé náà, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló sì ni ín, láti fi ṣètò ọjọ́ wọn láàárín ara wọn. Ìbéèrè mẹ́ta tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn, ohun téèyàn ṣe lánàá, èyí tó fẹ́ ṣe lónìí àti ohun tó ń dí i lọ́wọ́, ti kúrò nínú ẹ̀dà ọdún 2020.

Bí kámẹ́rà náà bá ń rẹ̀ yín, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ rántí mo ní ojú ara mi ni mo máa ń wò. Jeremy Bailenson, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Stanford, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2021: kéèyàn máa wo àwòrán ara rẹ̀ fún wákàtí pípẹ́, kí ojú ńlá ńlá máa wò ó láti ìtòsí, kó má lè kúrò lójú kan, gbogbo rẹ̀ ń tánni lókun. Zoom ní ibi tí ẹ lè tẹ̀ láti fi àwòrán ara yín pamọ́ fún ojú tiyín nìkan, tí àwọn yòókù á ṣì máa rí yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lónìí.

Tó bá jẹ́ pé kámẹ́rà títàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló ń fẹ́, tàbí sọ́fítíwíà tó ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà yín, ìyẹn ti yàtọ̀. Ẹ ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín, kẹ́ ẹ béèrè lórí ìwé pé ta ló ń rí àwòrán náà àti pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń pa á mọ́. Ibẹ̀ ni èmi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́.

Ìpàdé ìrọ̀lẹ́ tí mo fà wá bá àwa mẹ́fà yẹn lo nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ déètì ni mo bẹ̀rẹ̀ ìlà mẹ́ta mi, ojú ló kọ́kọ́ ń tì mí láti máa kọ ibi tí mo ti há. Obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, àwọn yòókù ń dara pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́rin àbọ̀ wá di ìgbà tí a máa ń wọlé, tí ọ̀gá á ní “mo ti rí tiyín”, tí a ó sì kíra wa pé ó dàárọ̀. Lọ́jọ́ kan a wọlé, ọ̀gá ò yọjú. A dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwa mẹ́fà, à ń wo ara wa. Lọ́jọ́ kejì náà kò yọjú. Kò sẹ́ni tó rán an létí.