Èsì: Súìṣì ìkọ̀kọ̀, ṣé wáyà sítátà ni àbí ti páǹpù epo?

Ẹ̀gbọ́n, súìṣì tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ kí olè má baà gbé ọkọ̀ yín lọ yẹn, ti páǹpù epo ni mo fara mọ́. Tí olè bá ṣáná, ẹ́ńjìnnì á jí, á lo epo tó kù nínú páìpù, á wá kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Á rò pé ọkọ̀ ti dẹnu kọlẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ má gé wáyà tó nípọn tó lọ sídìí páǹpù o! Wáyà tínrín tó ń jí relay (súìṣì oníná tó ń gbé iná fún páǹpù) ni kí ẹ já, kí ẹ so súìṣì ìkọ̀kọ̀ sáàárín rẹ̀. Iná ibẹ̀ kì í sábà tó 0.3 ámpù, súìṣì kékeré á gbé e láìgbóná. Abẹ́ sítíárìn kọ́ ni ká gbé e sí, ibẹ̀ lọwọ́ olè ń kọ́kọ́ lọ. Tèmi wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, níbi tí ẹsẹ̀ ò lè ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lórí eré. Wáyà yẹ́lò ti airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò boni nígbà ìjàǹbá) ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.