Ṣé onílé lè rí ohun tí mò ń wò lórí Wi-Fi rẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. London ni èmi àti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 14, ń gbé. Yàrá méjì la háyà nínú ilé tí àwọn ayálégbé mìíràn wà. Wi-Fi kan náà ni gbogbo wa ń lò, onílé ló sì ni ráútà. Láìpẹ́ yìí ló ń sọ pé òun mọ gbogbo ohun tí kálukú ń ṣe lórí rẹ̀. Báǹkì, ọ̀rọ̀ ìlera, ìwé ìgbélùú wa, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ wà. Incognito ni mo máa ń lò. Ṣé ó tó, àbí kí n ra VPN? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.
Ìyá Mojí

Ìdáhùn

Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Mojí. Incognito ò tó. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kí Chrome má tọ́jú àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ lọ sínú fóònù yín. Ẹni tó bá gba fóònù lọ́wọ́ yín ló wà fún, kò kan ráútà rárá.

Ṣùgbọ́n onílé yín náà ò rí tó bó ṣe ń fọ́nnu. Ká sọ pé ẹ ṣí ojú ìwé tó sọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru lórí www.nhs.uk. Nítorí https tó wà níwájú àdírẹ́sì, tó ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ láàárín fóònù àti sáìtì, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé nhs.uk, ohun tí ẹ kà àti ohun tí ẹ tẹ̀ síbẹ̀, ráútà ò lè kà á. Ohun tó lè mọ̀ ni pé fóònù yín wọ www.nhs.uk ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, àti bí dátà tó lọ ṣe pọ̀ tó. Bákan náà ni ti báǹkì: á rí orúkọ báǹkì, kò ní rí owó, kò ní rí pásíwọ́ọ̀dù. Orúkọ sáìtì ló ń jò. Ibẹ̀ la máa dí.

DNS, ètò tó ń sọ orúkọ sáìtì di nọ́ńbà, ló ń jò jù. Kí fóònù tó dé sáìtì kan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà ibi tó wà. Bí ẹ ò bá yí nǹkan kan padà, ọwọ́ ráútà onílé ló ti ń béèrè, ní gbangba, ọ̀pọ̀ ráútà ilé sì lè to àwọn ìbéèrè yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ni wọ́n.

Lórí Android 9 sókè, ẹ lọ sí Settings, Network & internet, Private DNS. Lórí Samsung, inú Connections, More connection settings, ló wà. Ẹ yan ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ kọ hostname (orúkọ ibi tí fóònù á ti máa béèrè), kí ẹ kọ one.one.one.one (ti ilé-iṣẹ́ Cloudflare) tàbí dns.quad9.net (ti Quad9). Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í: wọ́n á kọ 1.1.1.1, tàbí kí wọ́n fi https:// síwájú. Kò ní ṣiṣẹ́, torí orúkọ ló ń fẹ́. Ẹ má fi í sílẹ̀ sórí Automatic, nítorí bí ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ ò bá ṣeé gbà, ṣe ni fóònù á padà sí ọ̀nà gbangba láìsọ fún yín. Bí ẹ bá kọ orúkọ náà tán tí íńtánẹ́ẹ̀tì kú pátá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dí port 853, ẹnu ọ̀nà tó ń gbà. Ẹ dá a padà sí Automatic, kí ẹ wọ inú Chrome: Settings, Privacy and security, Use secure DNS, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín yan ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀. Port 443 tí https ń gbà ni èyí ń lò, kò rọrùn láti dí. Chrome nìkan ló máa bò ṣá, kò kan àwọn áàpù yòókù.

iPhone ò ní àyè tí ẹ ti lè kọ ọ́ báyẹn. Áàpù 1.1.1.1 ti Cloudflare á bá yín ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá lo ti Cloudflare, ẹ ṣí one.one.one.one/help láti fi wò ó: Yes ló yẹ kó wà níwájú DNS over HTTPS tàbí DNS over TLS.

Ti Mojí gba ìṣọ́ra o. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, DNS ni ọ̀pọ̀ ètò tó ń dí sáìtì àgbàlagbà fọ́mọdé ń bá ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ti yí i padà, ètò yẹn ti já nìyẹn. Lórí fóònù tirẹ̀, family.cloudflare-dns.com ni kí ẹ kọ. Á pa ìbéèrè rẹ̀ mọ́ fún onílé, á sì máa dí sáìtì àgbàlagbà. Ẹ sọ fún un pé ẹ ṣe é, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀.

VPN, áàpù tó ń gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ kó gbogbo ohun tí fóònù ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kọjá lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni ín, wá ńkọ́? Lẹ́yìn DNS, orúkọ sáìtì ṣì sábà máa ń hàn nígbà tí fóònù bá kọ́kọ́ kàn sí i. Ráútà ilé lásán kì í sábà kà á, àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì lè kà á, òfin Investigatory Powers Act ti 2016 sì fún ìjọba láṣẹ láti ní kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ irú ìyẹn fún oṣù 12. VPN dí ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ gbà kúrò lójú onílé, ojú ilé-iṣẹ́ VPN lẹ gbé e lọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní gbà yín níyànjú láti lo ọ̀fẹ́ tí ẹ ò mọ ibi tó ti ń rówó. Bí ẹ bá rà á, ẹ tan Always-on VPN àti Block connections without VPN nínú Settings Android, torí bó bá já fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, gbangba ni fóònù ń padà sí.

Áàpù báǹkì mìíràn á kọ̀ bí VPN bá wà lórí. Fún báǹkì àti ìwé ìgbélùú, ẹ pa Wi-Fi, kí ẹ lo dátà síìmù yín. Ráútà onílé ò sí lójú ọ̀nà yẹn rárá.

Ẹ tún yọ àkántì Google yín kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, nítorí gbogbo ohun tí ẹ bá wò lórí YouTube ló ń hàn níbẹ̀, kò sí VPN tó lè bo ìyẹn. Bí onílé bá sì ní kí ẹ gbé certificate kankan (fáìlì tó ń sọ fún fóònù ẹni tó yẹ kó gbà gbọ́) sórí fóònù kí Wi-Fi tó lè ṣiṣẹ́, ẹ kọ̀ jálẹ̀: òun ló lè jẹ́ kó tú https fúnra rẹ̀. Nínú Settings Android, ẹ wá Trusted credentials, kí ẹ tẹ User. Òfìfo ló yẹ kó wà níbẹ̀.