Èsì: Ẹ̀wà tí wọ́n yí jíìnì rẹ̀ padà

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣé ẹ̀wà tí wọ́n yí jíìnì rẹ̀ (ohun àjogúnbá inú ara tó ń pinnu bí nǹkan ṣe máa rí) padà kò léwu, àti ṣé àgbẹ̀ á ṣì lè tọ́jú irúgbìn.

SAMPEA 20-T lorúkọ ẹ̀wà yẹn. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Samaru, Zaria, ló ṣe é, ìjọba sì fọwọ́ sí i ní 2019. Jíìnì láti ara bakitéríà (ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú kò lè rí) inú ilẹ̀ ni wọ́n fi sí i, kí ìdin Maruca tó ń lu èèpo tí ọmọ ẹ̀wà wà nínú rẹ̀ má baà rí i jẹ. Ẹni tó bá ti dáko ẹ̀wà rí mọ̀ pé a lè fín oògùn lẹ́ẹ̀mẹfà nítorí kòkòrò kí a tó kórè. Oògùn yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù ju jíìnì lọ. (Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà nínú àpò lẹ́yìn ìkórè ṣì máa jẹ ẹ́ o, ẹ má gbàgbé.)

Ní ti irúgbìn, ẹ lè ṣa tiyín lára ìkórè, kí ẹ tún un gbìn lọ́dún kejì. Àgbàdo TELA, tí wọ́n yí jíìnì tirẹ̀ náà padà, ni kò rí bẹ́ẹ̀: àdàpọ̀ irú méjì ni, ọmọ rẹ̀ kì í so bíi ti ìyá, ọdọọdún lẹ máa rà á. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù yín ti tọ̀nà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti ọjà. Inú àpò kan náà ni wọ́n ń da gbogbo ẹ̀wà sí, ẹni tí kò fẹ́ jẹ ẹ́ kò ní mọ̀. Ẹ̀tọ́ wa ni kí wọ́n sọ fún wa.